Omi ìdí ló ń pa cactus ní Àbújá, kì í ṣe ooru tàbí òtútù

Cactus, igi ẹlẹ́gùn-ún, tí ẹ rà létí títì ní Àbújá lóṣù kejì lè máa dán títí di oṣù keje, kí ìdí rẹ̀ wá rọ̀, kó sì wó lulẹ̀ lójijì. Àwọn èèyàn á ní ooru ló pa á. Tó bá jẹ́ Jos ni, wọ́n á ní òtútù ọyẹ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Omi tó dúró sí gbòǹgbò ni.

Ẹ wo ibi tí òtútù ti le jù lọ. Ní Kánádà, cactus kan tó ń jẹ́ Opuntia fragilis ń hù títí dé àgbègbè odò Peace ní Alberta àti British Columbia, níbi tí òtútù máa ń jìn tó ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo. Kò kú. Kí òtútù tó dé ni igi náà ti ń dín omi ara rẹ̀ kù: á hunjọ, á sùn lélẹ̀, oje inú rẹ̀ á ki, omi tí ì bá di yìnyín kó sì fa ara rẹ̀ ya kò ní pọ̀ mọ́. Ohun tó ń ba àwọn tó ń gbìn irú rẹ̀ nílẹ̀ olótùútù lẹ́rù ju òtútù lọ ni kí ìdí rẹ̀ tutù kó sì rin papọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìn ín sórí òkìtì yanrìn àti òkúta, tí àwọn míì sì ń fi gíláàsì ṣíji bò ó. Tiwa yàtọ̀ ní ti pé ooru ni òjò wa ń bá rìn, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ìjẹrà sì ń tètè ràn nínú ooru.

Nítorí náà, iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ilẹ̀ pupa àyíká wa máa ń lẹ̀ pọ̀ bí òjò bá rọ̀ sí i, á sì le gbagidi bí oòrùn bá pa á. Èyí tí mo fara mọ́ jù ni kóńgò kan ilẹ̀dú tó ti jẹrà dáadáa, kóńgò méjì yanrìn tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáàpù sáàǹdì, àti kóńgò kan òkúta gíráǹáìtì wẹ́wẹ́ tó tó ẹ̀wà. Fún àwọn kéékèèké roboto bíi Mammillaria, ẹ fi ìdajì kóńgò òkúta kún un. Ẹ má lo yanrìn kíkúnná tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, torí á dí gbogbo àlàfo tí atẹ́gùn ń gbà. Ẹ fọ yanrìn kí ẹ tó pò ó: ẹ dà á sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ẹ bu omi sí i, ẹ rò ó, ẹ da omi ẹrẹ̀ nù, kí ẹ tún un ṣe títí omi yóò fi mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo iṣẹ́ yìí, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Tí ẹ bá pò ó tán, ẹ rin ín díẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀. Bí ẹ bá la ọwọ́ tó tú ká fúnra rẹ̀, ó ti dáa. Bó bá dúró ní ṣùù, yanrìn rẹ̀ kò tó.

Wọ́n máa ń ní ká to òkúta sísàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè ráyè jáde. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi kì í kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sáàárín òkúta àfi tí iyẹ̀pẹ̀ bá mu ún yó pátápátá. Ṣe ni òkúta ìsàlẹ̀ ń gbé ibi tí omi ń dúró sí sún mọ́ gbòǹgbò. Ẹ po òkúta mọ́ iyẹ̀pẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ fi ègé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ojú ihò.

Ìkòkò amọ̀ tí wọn ò fi nǹkan dídán kùn ló dára jù, torí omi ń gba ara rẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ amọ̀kòkò la sì wà: Ladi Kwali tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ọmọ Kwali nítòsí ibí ni, àwọn obìnrin Gbagyi sì ti ń mọ ìkòkò tipẹ́tipẹ́. Ìkòkò omi kì í ní ihò nídìí, ẹ fi díríìlì lu ú sínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa ta omi sí i kó má baà sán. Kí ìkòkò fẹ̀ ju igi lọ ní ìka méjì péré, torí gbòǹgbò kékeré kò lè fa omi inú ìkòkò ńlá tán. Bí ẹni tó ta cactus bá fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta mọ́ ojú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò.

Lóṣù kẹta, kí òjò tó dé, ẹ gbé wọn sábẹ́ páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn kò ní ṣe é, igi á kàn máa nà tínínrín ni. Àwọn cactus ńláńlá bíi Opuntia ficus-indica àti Cereus lè wà nílẹ̀ gbalasa, bí òkìtì wọn bá ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà nìkan bomi rin ín. Ẹ ki igi súyà bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fà á yọ. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn tàbí tó tutù, ẹ dúró. Nínú ooru oṣù kẹta, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ló sábà máa ń gbà kó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ bomi sí i títí yóò fi jáde nídìí, kí ẹ sì da omi inú àwo ìsàlẹ̀ nù.

Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, alẹ́ ọyẹ́ rẹ̀ sì ń mú gan-an. Níbẹ̀, ẹ má bomi rin èyí tó ti dàgbà rárá lóṣù Kejìlá àti Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Á hunjọ díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Ìsinmi gbígbẹ olótùútù yẹn ń jẹ́ kí Echinopsis, Mammillaria àti Gymnocalycium yọ òdòdó dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé Jos sàn fún wọn ju Àbújá lọ. Melocactus kò fẹ́ òtútù, bẹ́ẹ̀ náà ni cactus olórí pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí cactus mìíràn tó ń jẹ́ Hylocereus. Ẹ gbé àwọn yẹn wọlé. Ní ti Opuntia fragilis, ẹ má wulẹ̀ rà á wá láti òkè òkun: ó nílò òtútù tí a kò ní, òjò wa á sì mú un jẹrà.

Bí ẹ bá rí funfun bí òwú láàárín ẹ̀gún, kòkòrò ni; ẹ fi sípíríìtì tọ́ ọ. Ibi tó pọ́n lára igi, tó le tó sì gbẹ, oòrùn ló jó o, kò ní tàn kálẹ̀.

Àmọ́ bí ìdí rẹ̀ bá dúdú tó sì rọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gé e. Ẹ fi ìwé ìròyìn tí a ká di igi náà mú, torí ẹ̀gún wínníwínní ara Opuntia kì í tètè kúrò lára. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa gé e sókè títí ẹ ò fi ní rí àmì dúdú kankan mọ́ láàárín rẹ̀. Bí èyí tó kéré jù bá ṣẹ́ kù, á tún jẹrà. Ẹ gbé èyí tó kù síbi ìbòòji tó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tàbí mẹ́ta bó bá nípọn, kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ le. Ẹ wá rì í bọ yanrìn gbígbẹ ní ìka kan, kí ẹ má bomi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á tu láti wò ó. Bí ẹ̀gún tuntun bá ti ń yọ lórí rẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò.