Nígbà tí Ọ̀gá Ẹni Bá Kéré sí Ẹni Lọ́jọ́ Orí

Láti ìgbà tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan níhìn-ín ní Kàbà, ìbéèrè tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń bi mí jù ni bóyá mo ṣì rántí iṣẹ́ náà lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi tọ́mọ. Ìdáhùn mi kì í pẹ́. Kí n tó fa oògùn àjẹsára sínú abẹ́rẹ́, ojú mi ṣì máa ń kọ́kọ́ lọ síbi àmì onígun mẹ́rin tó wà lára ìgò rẹ̀, torí pé bí àwọ̀ inú àmì náà bá ti ṣú bíi ti òbìrìkìtì tó yí i ká, ooru ti ba oògùn náà jẹ́ nìyẹn. Ohun tó ṣòro, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè, ni bí àgbàlagbà ṣe ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó tó àbúrò rẹ̀ pátápátá, ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí, tí ọjọ́ orí ti ń ṣáájú ohun gbogbo.

Ọdún 2011 ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ alẹ́ àti ọmọ ọwọ́ kò bára wọn mu nínú ilé tí bàbá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Àmọ́ n kò jẹ́ kí ìwé àṣẹ mi kú. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni a máa ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun gbọ́dọ̀ ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n là sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín pé èmi tí n kò níbi iṣẹ́ ń sanwó ìwé iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń bá mi gbé ọmọ títí n ó fi dé.

Nígbà tí mo padà ní 2024, ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára ti yí padà gan-an. DPT tí mo mọ̀, tó ń dènà àrùn mẹ́ta, ti kúrò ńlẹ̀. Láti 2012 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Penta rọ́pò rẹ̀, tó ń dènà àrùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. PCV ti òtútù àyà ti dé, Rota ti ìgbẹ́ gbuuru dé ní 2022, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ. Gbogbo èyí ṣeé kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé Mátírọ̀n, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì tí mo jù lọ́jọ́ orí, kò mọ bí òun yóò ṣe kọ́ mi. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́yìn mi, ó wúkọ́, ó yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ní, “Ṣé o rántí pé itan òsì ni Penta, itan ọ̀tún ni PCV?” Ọmọ náà, tó ti ń ṣe é láti oṣù tó kọjá, kàn ń wò ó lójú. Èmi ni wọ́n ń bá wí.

Mo bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá ọmọ ti lọ tán. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, àbúrò yín ni mo jẹ́.” Mo ní, “Nílé nìyẹn, Mátírọ̀n. Níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa sọ ọ́ fún mi ní tààrà. Kí ẹ má sáà sọ ọ́ lójú àwọn aláìsàn.” Bí a ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn. Bí a bá pàdé lọ́jà, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ tẹ orúnkún, tí yóò kí mi bí a ṣe ń kíra wa nílẹ̀ wa pé, “Òkun o, Màmá,” èmi náà a sì dá a lóhùn bí ìyá.

Mo gbà pé àwọn agbanisíṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ìgbàgbé wa bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù pé àwọn kò ní lè rán wa níṣẹ́, èmi kò sì lè dá wọn lẹ́bi tán, nítorí mo mọ àwọn ẹgbẹ́ mi tí yóò bínú lọ sílé bí ọmọdé bá ní kí wọ́n tún ìwé àkọsílẹ̀ kọ. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pàápàá kì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún 50 síṣẹ́ tuntun, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tó kéré sí wa ni púpọ̀ nínú wa yóò bọ́ sí.

Àwọn ọdún tí mo fi wà nílé náà wúlò níbí. Bí ìyá kan bá ti oko Ìbùnú dé, tó ti pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ jẹ, tí àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ sì fẹ́ jágbe mọ́ ọn, Mátírọ̀n a ní kí ó wá jókòó sọ́dọ̀ mi. N kì í bi í léèrè ìdí tí kò fi wá. Ta ni yóò bá a di ọmọ yòókù mú lọ́jọ́ mìíràn ni mo máa ń bi í.

Iṣẹ́ alẹ́ nìkan ni Mátírọ̀n ṣì ń fi dá mi sí. Mo ti sọ fún un pé àbíkẹ́yìn mi ti ń dá wẹ̀, kí ó kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn yòókù láti oṣù tó ń bọ̀.