Ẹ la ojú ṣà á, kí ẹ di ojú mú un: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ọ̀rọ̀ oníbò

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òbí ló ń béèrè bí mo ṣe ń mú ọmọ kọ ìtàn láìjẹ́ pé ó jókòó, kó máa wo àjà ilé. Ọ̀rọ̀ oníbò mẹ́ta ni mo máa ń fún un, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a mú láìwò. Á ki ọwọ́ bọ inú agolo, á mú páálí pélébé mẹ́ta jáde, ohun tó bá wà lára wọn ni yóò fi kọ ìtàn. Kò sí ẹni tó yàn án fún un, nítorí náà kò sí ẹni tó fẹ́ bá jà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ti parí kí ọmọ tó ki ọwọ́ bọ agolo. Ìbò ló ń mú ọ̀rọ̀ jáde, àmọ́ èmi tí mo ń kó wọn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ronú sí i dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń pèsè ọ̀rọ̀ oníbò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀, ẹ lè rí "igba" láìsí àmì lórí. Ọmọ ò ní mọ̀ bóyá igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, tàbí ìgbà òjò, tàbí igba náírà. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, kí ẹ sì fi àmì sí i.

Ọjà Bódìjà, ilé ìdáná, ìwé ìròyìn Aláròyé, ẹnu ìyá mi: ibi tí mo ti ń ṣà wọ́n nìyẹn. 100 ọ̀rọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń mú mẹ́ta mẹ́ta nínú 100, oríṣi àkójọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a lè mú jáde jẹ́ 161,700, kò sì sí kíláàsì tó lè lò ó tán. Mo máa ń jẹ́ kí bíi 60 nínú wọn jẹ́ ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn, bí ìṣó, táyà, ìgbálẹ̀, iyọ̀. Bíi 25 jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ìyókù ni mo fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ya àwòrán: róbótó, gbàgàdà, wúyẹ́wúyẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ẹ ò ní rí irú wọn nínú àwọn tí ẹ̀rọ bá pèsè, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń jẹ́ kí ìtàn Yorùbá dùn létí. Mi ò kí í kó ìfẹ́, òtítọ́ àti ìlọsíwájú sínú agolo mi. Bí ọmọ bá mú òtítọ́, ìwàásù ni yóò kọ.

Ọmọbìnrin kan mú àkàbà, iyọ̀ àti dákẹ́. Ó kọ ìtàn ìyàwó tuntun kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ kìlọ̀ fún pé iyọ̀ inú àwo gbọ́dọ̀ tó ọ̀sẹ̀ kan. Kò tó. Àpò iyọ̀ wà lókè àjà, ojú sì ń ti ìyàwó láti béèrè. Ìgbà tí ilé pa rọ́rọ́ lóru, ó gbé àkàbà, ó gùn ún. Bàbá ọkọ rẹ̀ wà nínú òkùnkùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí i. Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó jẹ ọbẹ̀ náà, ó sì yìn ín lójú gbogbo ilé.

Ẹ wo ibi tí dákẹ́ bọ́ sí. Bí kì í bá ṣe pé ìbò gbé e fún un, ohun tí ọmọ ọdún 12 sábà máa ń kọ ni pé bàbá náà pariwo "Olè!", ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn àgbà parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tì í lọ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ò bá má dé. Ìdí rèé tí mo fi nígbàgbọ́ nínú nǹkan yìí tó bẹ́ẹ̀.

Òfin mi ò pọ̀. Kò sí pàṣípààrọ̀, ohun tí ìbò bá mú ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi ìka bo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ọmọ, màá ní kó ka ìtàn láìsí i. Bí ìtàn bá ṣì dúró, ọmọ á ti rí i fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn ń kọjá lọ ni. Ìṣẹ́jú 10 tó fún ìkọ̀wé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti ní ìtàn tirẹ̀ lọ́kàn, ẹ fi í sílẹ̀, kó má mú páálí kankan.

Ní ti kíkọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yà ara lẹ́ẹ̀kan náà: etí, ojú, imú, ẹnu, eyín. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á máa pe eyín ní ẹnu. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dà wọ́n pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Etí lónìí, pẹ̀lú àga, iṣu àti sáré." Thomas Tinkham, olùṣèwádìí nípa kíkọ́ èdè, dán irú èyí wò ní 1993, Rob Waring sì tún un ṣe pẹ̀lú àwọn ará Japan ní 1997. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì rí: ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà, bí a bá kọ́ wọn papọ̀, wọ́n máa ń dí ara wọn lọ́wọ́. Ìbò kì í sábà kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Eré tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ràn jù ni ti àlọ́ àpamọ̀. Ọmọ á mú páálí kan, kò ní fi han ẹnikẹ́ni, á sì fi pa àlọ́. "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ pa èyí tí gbogbo wọn mọ̀, awẹ́ obì kan tí a jẹ dé Ọ̀yọ́, kí wọ́n lè rí bí ahọ́n ṣe fara pamọ́ sínú obì. Lẹ́yìn náà ó di tiwọn. Ẹni tó mú jẹnẹrétọ̀ ní, "Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń pariwo, gbogbo ilé ń bú mi. Mo dákẹ́, gbogbo ilé tún ń bú mi." Ẹni tó kàn há ìtumọ̀ sórí ò lè pa irú àlọ́ yìí. Ó ní láti mọ ibi tí nǹkan náà ń gbé, ohun tó ń ṣe, àti ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀.

Páálí tí ọmọ ò bá mọ̀ á padà sínú agolo, kí wọ́n lè tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tí gbogbo wọn bá ti mọ̀ dáadáa, mo máa ń yọ ọ́, àwọn ọmọ á sì mú òmíràn wá láti ilé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà. Bí àwùjẹ̀ àti àgánrándì ṣe wọlé nìyẹn. Kí ọmọ tó ju ọ̀rọ̀ tuntun sínú agolo, ó gbọ́dọ̀ fi àmì tó tọ́ sí i, kó sì fi ṣe gbólóhùn kan tí ìyá àgbà rẹ̀ lè sọ.