Ohun tí tíṣà bá sọ

Alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ìsìn, oúnjẹ, ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe máa ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ti padà sí Àjàrá.

Àmọ́ gbólóhùn kan ò jẹ́ kí n sinmi. Mo ń kó ìwé jọ lẹ́yìn Sọ́ńdè sùkúù tí mo ń kọ́ nígbà tí màmá tó máa ń jókòó nítòsí fèrèsé sọ fún ẹnì kejì wọn pé: "Èmi ò kúkú mọ̀wé. Ohun tí tíṣà bá sọ ni mò ń mú lọ sílé."

Wọn ò mọ̀ pé mo gbọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni àyà mi já. Màmá yìí kì í dá ohun tí wọ́n bá gbọ́ jẹ. Tí ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì níbí bá ti pé, Ègùn ni wọ́n máa fi tún un sọ fún àwọn tó bá wá ra gààrí. Ọ̀rọ̀ mi á dé etí ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ìwé Jeremáyà là ń kọ́ lọ́wọ́. Orí 29, ẹsẹ 11, èrò àlàáfíà tí Ọlọ́run ń rò sí àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọdá òkun tí kò fi ohùn ránṣẹ́, màmá náà wà lára wọn, á di ẹsẹ yẹn mú, á máa retí ìpè kó tó di Kérésì. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ 10 wà lókè rẹ̀! Àádọ́rin ọdún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé. Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ sí àwọn tí Nebukadinésárì kó lọ sí Bábílónì: ẹ kọ́lé, ẹ gbin ọgbà, ẹ bímọ síbẹ̀, ẹ gbàdúrà fún ìlú náà. Ní orí 28, wòlíì èké Hananáyà ti dúró nínú tẹ́ḿpìlì, ó ní ọdún méjì péré ni wọ́n máa fi padà sílé. Ta ni kò ní fẹ́ mú ìyẹn lọ sílé? Oṣù keje ọdún yẹn gan-an ló kú.

Inú ń bí mi. Kí ló dé tí àwa olùkọ́ ń ṣa ẹran nínú ọbẹ̀, tí à ń fi egungun sílẹ̀? Jákọ́bù ti kìlọ̀ pé ìdájọ́ tiwa á le ju ti àwọn yòókù lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni mí tí màá gba ìrètí lọ́wọ́ ìyá àgbà… Rárá, kì í ṣe gbígbà. Ìlérí náà ṣì wà níbẹ̀. Bóyá mo ń ronú jù.

Ní 1842 tí míṣọ́nnárì Freeman wàásù lábẹ́ igi Agia níbí, kò sí Bíbélì Yorùbá tẹ́nikẹ́ni lè fi yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. 1884 ni odindi rẹ̀ tó jáde. Àwọn ará Bèríà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò lójoojúmọ́. Màmá ò lè yẹ tèmi wò. Ohun tí mo bá sọ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ní kí ọmọ-ọmọ wọn ka orí 28 sókè, kó sì kà á wọ 29 láìfo ẹsẹ kankan. Tí màmá bá wá bi mí pé ta ló máa kù láyé lẹ́yìn àádọ́rin ọdún, mi ò tí ì rí èsì tí màá fún wọn.