Ọkọ̀ inú fíìmù: ta ló ń jèrè rẹ̀?

Ká ní ẹnì kan tó ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ring Road yá àwọn eléré ní Lexus RX 350 fún ọjọ́ méjì. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àdéhùn ni pé wọn yóò kọ orúkọ ilé ìtajà rẹ̀ sí ìparí fíìmù. Fíìmù jáde lórí YouTube, olówó inú eré gun Lexus yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ ọlọ́kọ̀ sì kọjá fìrí níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wò mọ́. Ẹni tó wo eré náà ní Bódìjà yóò rántí Lexus. Àwọn tó ṣe Lexus ní Japan ló gba ìpolówó ọ̀fẹ́, wọn ò sì mọ̀ pé eré kankan wáyé n'Íbàdàn.

Ohun tó ń fa irú àṣìṣe yìí ni pé a wo fíìmù òyìnbó, a rí ọkọ̀ níbẹ̀, a sì rò pé rírí tí a rí i yẹn ni ìpolówó. Ẹ wo GoldenEye tó jáde ní 1995. James Bond wa BMW Z3 nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tún fíìmù náà wò lónìí yóò rí i pé ìgbà díẹ̀ ni ọkọ̀ náà fi hàn, kò yìnbọn, kò lé ọ̀tá kankan. Ó tó BMW bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tuntun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa tà á, wọ́n sì ń ná owó tiwọn sórí ìpolówó tó so ọkọ̀ náà mọ́ orúkọ Bond lásìkò kan náà. Fíìmù fi ọkọ̀ hàn, ìpolówó ìta sọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Nígbà tó di Transformers ní 2007, Bumblebee, tó jẹ́ Volkswagen Beetle nígbà tó ṣì jẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé, di Chevrolet Camaro. Camaro tuntun tí wọ́n fi hàn kò tíì sí lọ́jà rárá, 2009 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń fi ojú àwọn ènìyàn sọ́nà.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo wọn ni DeLorean inú Back to the Future, 1985. Ta ni kò mọ ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ? Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti wó láti 1982. Òkìkí wà, ọjà ò sí. Ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ tòkunbọ̀ wa fi ara jọ ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ yí padà: ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òkìkí ló lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Kí ló wá lè rí gbà? Èyí tó dára jù ni kí ìtàn fúnra rẹ̀ dé ọgbà rẹ̀. Nínú eré Yorùbá, ẹni tí owó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí lọ́wọ́ máa ń ra ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ olùdarí á kàn jẹ́ kó gbé e wọlé, kí ìyàwó máa jó, kí aládùúgbò máa yọjú. Ẹ jẹ́ kó lọ ná ọkọ̀ náà ní ọgbà ìtajà, kí pátákó orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń ná an. Tí pátákó bá hàn kedere fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ó ti tó. Àwòrán 50 nìyẹn tí ẹ bá ń ya 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú òǹwòran ti kà á, kò sì ní fura.

Lẹ́yìn ìyẹn ni férémù tí wọ́n fi ń di nọ́ńbà ọkọ̀ mú. Ẹ tẹ orúkọ ilé ìtajà sí i ní lẹ́tà funfun lórí dúdú, ọ̀rọ̀ méjì péré. Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù sí i. Ta ni yóò dá fíìmù dúró kó máa da nọ́ńbà kọ? Ẹ yà á ní fọ́tò láti nǹkan bíi mítà márùn-ún, kí ẹ na ọwọ́ tó mú fóònù jáde tán, kí ẹ wá kà á. Bí ẹ ò bá lè kà á, òǹwòran náà ò ní lè kà á, torí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wo eré. Kí ẹ sì gba ẹ̀tọ́ sí àgékù fíìmù tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ, tí ọlọ́kọ̀ lè gbé sí WhatsApp àti Instagram tirẹ̀. Kíkọ ni kí ẹ kọ èyí sílẹ̀. Àgékù yìí gan-an ló máa ń mú oníbàárà wá, torí òun ló gbé àdírẹ́sì dání.

Ohun tí kò ṣiṣẹ́ rí ni kí òṣèré dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì kó máa ki ọkọ̀: "Ẹ́ńjìnì V6 ni o, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń mú bí omi yìnyín." Wọn á fò ó kọjá ni.

Ìwé àdéhùn ojú ewé kan ti tó, bó bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ọjọ́ àti wákàtí tí ọkọ̀ yóò jáde àti ìgbà tí yóò padà, iye kìlómítà tó ti rìn, ibi tí epo wà nínú táńkì àti ẹni tí yóò ra òmíràn, orúkọ ẹni kan ṣoṣo tí yóò máa wà á. Ẹ má gba "òṣèré wa mọ ọkọ̀ wà" gbọ́ láìrí ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ẹ ya ọkọ̀ yípo ní fọ́tò lójú ọlọ́kọ̀: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, igun mẹ́rin, rìímù mẹ́rin, inú, àti dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ló ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní third party kì í san owó ìbàjẹ́ ọkọ̀ tiyín, ti ẹni tí ẹ kọlù nìkan ló ń san. Comprehensive, tó ń san ti ọkọ̀ tiyín, náà lè kọ̀, bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ ìlò ara ẹni ni, tí wọ́n sì bá a níbi iṣẹ́ fíìmù. Ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi ìwé sọ pé àwọn gbà, kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Kí ọlọ́kọ̀ sì sọ ohun tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Nínú Slumdog Millionaire ti 2008, Mercedes-Benz kò fẹ́ kí àmì rẹ̀ hàn ní àdúgbò àwọn tálákà, àwọn tó ṣe fíìmù sì ní láti pa á rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á tán. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ajínigbé, oníjìbìtì àti ọkọ̀ tó dákú lójú títì ni ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó dákú ni ọmọkùnrin fi ń pàdé ọmọbìnrin nínú ìdajì eré wa! Kí ẹ wá Micra kan fún iṣẹ́ yẹn, kò wọ́n ní Ìbàdàn.

Ó ku yíyà. Ara ọkọ̀ dígí ni. Ọkọ̀ dúdú ní Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án á gbé wáyà iná, Cocoa House, àwọn tó ń wòran àti ẹni tó gbé kámẹ́rà sára. Ọkọ̀ funfun á tàn yanranyanran títí ìlà ara rẹ̀ yóò fi pòórá. Eérú àti búlúù ló rọrùn jù. Ẹ yà á láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, tàbí láti aago mẹ́rin ààbọ̀ lọ sókè. Abẹ́ igi ní Jẹ́ríkò dára lójú, àmọ́ òjìji ewé á ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì ní àbàwọ́n. Ẹ na aṣọ dúdú ńlá sí ẹ̀gbẹ́ kejì kámẹ́rà láti pa ohun tó ń hàn lára ọkọ̀. Polarizer, gíláàsì tí wọ́n ń dé lẹ́ńsì lójú láti dín dídán ara nǹkan kù, náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò gba ìmọ́lẹ̀ tó stop kan ààbọ̀ sí méjì (stop kan ni ìdajì ìmọ́lẹ̀), yóò sì mú kí gíláàsì ẹ̀yìn yọ àmì tóótòòtóó, torí bí wọ́n ṣe fi iná le gíláàsì náà. Bí gíláàsì bá ní tint, ó lè yọ àwọ̀ òṣùmàrè. Ẹ yí polarizer díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ, tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́ńsì 24 mílímítà tí ẹ bá gbé sún mọ́ ọkọ̀ á fa imú rẹ̀ gùn bí ti ìmàdò. Láti 50 sí 85 ni kí ẹ lò, kí kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n gíga iná iwájú. Ẹ yí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ kí ojú rìímù kọ sí kámẹ́rà, kì í ṣe ojú táyà. Iná LED iwájú máa ń ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ṣọ́tà (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó) wà ní 1/50, bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ gbìyànjú 1/60 tàbí 1/100. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ìdánwò sàn ju kí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń to fíìmù.

Rọ́bà afàmọ́ra tí ẹ fi ń gbé kámẹ́rà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ eruku. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi spirit nu ojú ibẹ̀ àti rọ́bà, kí ẹ sì fi okùn so kámẹ́rà mọ́ nǹkan mìíràn. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti tún ọkọ̀ náà kùn. Ọ̀dà tí páńẹ́lì-bítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn máa ń bá rọ́bà bọ́ ni. Ẹ má sì fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ara ọkọ̀ dúdú, yóò ha.

Nọ́ńbà ọkọ̀ ń tú àṣírí. Búlúù ni lẹ́tà ọkọ̀ aládàáni, pupa ni ti akérò, àwọ̀ ewé ni ti ìjọba. "Pace Setter" ni ti Ọ̀yọ́, "Centre of Excellence" ni ti Èkó. Lẹ́tà mẹ́ta ṣáájú, nọ́ńbà mẹ́ta tẹ̀lé e, lẹ́tà méjì kẹ́yìn: ọdún 2011 ni ètò yìí dé. Bí ìtàn yín bá jẹ́ ti 2005, nọ́ńbà ètò tó dé ní 1992 ni kí ẹ lò, tí lẹ́tà méjì ṣáájú, tí mẹ́ta sì kẹ́yìn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé ni pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972. Eré òmìnira 1960 tí ọkọ̀ ń gba ọwọ́ ọ̀tún gòkè Mápó ti kùnà. Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná náà kò lè wà nínú rẹ̀: 1975 ni ilé-iṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà àtọwọ́dá tí ẹ ṣe, ẹ má gbé e wọ títì tí wọn ò dí. Ibi tí OYRTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ lójú títì ní Ọ̀yọ́, tàbí ọlọ́pàá ti bá yín dí ọ̀nà ni kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ṣí i níbẹ̀.

Bátìrì kì í gba ìyà. Iná iwájú tó ń jó láti ìgbà yíyà kan dé òmíràn láìtan ẹ́ńjìnì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀, torí náà ẹ gbé wáyà jumper dání. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ sì di bẹ́líìtì gbogbo ìjókòó kó má máa ké tiín-tiín sínú ohùn òṣèré.

NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, ni yóò wo fíìmù kí ó tó jáde fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá gé apá ọkọ̀ náà lọ sí tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bí ìpolówó, ọ̀dọ̀ ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kejì 2011 tí wọ́n ti fàyè gba kí oníṣòwò sanwó láti fi ọjà rẹ̀ hàn nínú ètò tẹlifíṣọ̀n, lẹ́tà P kan ló ń hàn lójú àwòrán kí òǹwòran lè mọ̀ pé wọ́n sanwó sí i. Ọlọ́gbọ́n ọlọ́kọ̀ á ní kí wọ́n kọ "a dúpẹ́ lọ́wọ́" sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ṣì wà, pẹ̀lú àdírẹ́sì ní ìsàlẹ̀ fídíò.

Tí ẹ bá ń dá ọkọ̀ padà, ẹ fi epo kẹrosíìnì díẹ̀ sórí aṣọ rírọ̀ láti yọ gọ́ọ̀mù téèpù tí ẹ lẹ̀ mọ́ àmì ọkọ̀, kí ẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yọ férémù orúkọ kúrò bí ọlọ́kọ̀ bá ti ta ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ méjì yẹn. Ó ń ṣẹlẹ̀.