Nọ́ńbà Tí Mo Ké Síta

Ìbàdàn, alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó kan tí yóò ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀ fi kún ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá. Mẹ́fà ni wọ́n, ìyàwó fúnra rẹ̀ ṣe ìkeje, àbúrò ìyá rẹ̀ sì bá wọn wá láti mójú tó bí a ó ṣe gé aṣọ. Léèsì aláwọ̀ ewé ni wọ́n kó wá, yáàdì 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti ń ṣe láti ọdún 19 tí mo ti ń ránṣọ, mo fi téèpù kọ́ ọrùn, mo ń wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ké iye tí mo bá rí sí ọmọ iṣẹ́ mi tó jókòó ti ẹ̀rọ pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n lórí itan. Èjìká 15, àyà 36, ìdí 40. Wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò, kò sì sí ẹni tó kọbi ara sí nọ́ńbà kankan títí tó fi kan ẹni karùn-ún.

Ọmọ náà sanra. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń fà sẹ́yìn, tí ó ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣáájú, mo sì rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni. Nígbà tó dúró níwájú mi, ó ti gbé apá méjèèjì sókè kí n tó sọ fún un. Mo ká téèpù yí i ká, mo sì ké e gẹ́gẹ́ bí àṣà mi: “Àyà 48! Ikùn 46! Ìdí 54!” Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò ìyá ìyàwó ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Háà, yáàdì márùn-ún kò lè ká eléyìí o. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò lè dín oúnjẹ kù kí ọjọ́ tó pé ni? Tí wọ́n bá ti ń ya fọ́tò, ẹ̀yìn ni kí o dúró sí o.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra rárá, ohùn tí àgbà fi ń gba ọmọ nímọ̀ràn ni ó lò. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, “Mo ti gbọ́, mà.”

Èmi tí ọwọ́ mi wà lára rẹ̀ nìkan ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo tún ikùn rẹ̀ wọ̀n kí ó lè dá mi lójú, téèpù sì fi 44 hàn. Íǹṣì méjì ti lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ti fa ikùn wọlé, ó ti mú èémí dání, ẹ̀yìn rẹ̀ sì le bí pákó lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi títí mo fi tú téèpù kúrò lára rẹ̀. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé bí ènìyàn bá gé aṣọ sí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ojú rírán yóò já lọ́jọ́ tí ẹni tó ni aṣọ bá kọ́kọ́ jókòó jẹun. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá: bí mo ti gbójú sókè, mo rí ìyàwó gan-an tó ń fa bùbá rẹ̀ wálẹ̀ kí ó lè bo ikùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bá a wí.

Mo ti ń ro ó láti àárọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà, ohùn mi ni. Bí mo bá ti rọra sọ nọ́ńbà náà, tàbí tí mo fúnra mi kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí ohun tí yóò dì mú. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé síta bí ọjà tí à ń pe iye rẹ̀, tí ẹni tó bá ń kọjá sì lè dúró kí ó dá owó tirẹ̀ lé e. Ó sì dùn mí pé kì í ṣe lónìí nìkan. Ọdún 19 ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé fífi ẹni tó sanra ṣẹ̀sín kì í ṣe tiwa, pé láti orí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti wọlé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ìgbà èwe mi, “O mà ti sanra o!” jẹ́ ìkíni ayọ̀; ó túmọ̀ sí pé ara tù ọ́, pé ilé ọkọ gbà ọ́, pé àìsàn jìnnà sí ọ. Ẹni tó rù ni wọ́n ń káàánú. Àwọn bàbá wa ń ki obìnrin ní ìbàdí àrán, wọ́n ń yin bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ìdí. Ní Kàlábà, àwọn Ẹ́fíìkì ní yàrá tí wọ́n ń fi ọmọge sí kí ó lè sanra, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní ìtọ́jú ilé kí ó tó lọ sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá wò ó dáadáa, orí igi kan náà ni ìyìn yẹn àti ẹ̀gàn ti òde òní ti so: a gbà pé ara ẹlòmíràn jẹ́ ohun tí a lè máa dá lẹ́jọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu tó ń kí mi lónìí pé mo ti sanra ni yóò sọ fún mi lọ́la pé ó ti pọ̀ jù.

Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ọ̀rá ni a ń fi ṣẹ̀sín. Mo ń rán agbádá fún àwọn ọkùnrin tí ikùn wọn tóbi ju ti ọmọ yẹn lọ dáadáa. Wọ́n ń pè é ní ikùn ọlá, wọ́n ní owó ti wọ̀ wọ́n lára, àárín gbùngbùn fọ́tò ni wọ́n sì ń fi wọ́n sí. N kò tíì gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ fún irú wọn pé yáàdì 10 kò ká wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọge tí kò tíì lọ́kọ, òróbó ni orúkọ rẹ̀, wọn yóò sì máa béèrè ọkùnrin tí yóò lè gbé e. Bí ó bá jẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọn yóò ní kí ó ṣọ́ra kí ọkọ rẹ̀ má lọ fẹ́ lẹ́pa, wọn yóò sì júwe ẹni tó ń ta àgbo tí ń fa ikùn wọlé fún un. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé ìwé, kò ní gbọ́ orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ mọ́ títí yóò fi jáde. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà nígbà tí wọ́n bá sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera ni. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò ya ọkùnrin olówó sọ́tọ̀.

Nígbà tí mo ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, mo wọ Micra láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ti wà lẹ́yìn, èmi sì wà níwájú. Obìnrin kan tó gbé báàgì ẹ̀fọ́ àti iṣu dání fẹ́ wọlé sẹ́yìn, awakọ̀ sì yíjú sí i, ó ní, “Ìyá, owó ẹni méjì lẹ máa san o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.” Obìnrin náà kò jiyàn. Ó san owó ẹni méjì, ó fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ọ̀kan nínú àwọn tó bá nínú ọkọ̀ sì ń pòṣé títí a fi dé ibi tí a ń lọ. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ ni pé ènìyàn mẹ́ta ni ìjókòó ẹ̀yìn Micra wà fún láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹnì kan ni ti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Awakọ̀ ni ó ń kó mẹ́rin sẹ́yìn, tí ó ń kó méjì síwájú kí owó lè pọ̀. Ààyè tí òun fúnra rẹ̀ jí gbé ni ó gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, gbogbo wa sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ ni ó jẹ gbèsè. N kò sọ̀rọ̀. Mo kọ èyí náà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sí mi lọ́kàn bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, inú ń run ún, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ń pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, dókítà tó rí i kò yẹ inú náà wò, kàkà bẹ́ẹ̀ ó ní kí ó gun orí ìwọ̀n, ó kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀, ó sì sọ fún un pé bí ó bá dín ẹnu kù, gbogbo rẹ̀ yóò lọ. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn mìíràn rí i pé fáíbírọ́ọ̀dù ni, ìyẹn kókó tó ń hù nínú ilé ọmọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n títí di òní, bí orí bá ń fọ́ ọ, yóò kọ́kọ́ lo oògùn láti ilé ìtajà oògùn fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó ronú àtilọ rí dókítà. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n tún gbé òun gun orí ìwọ̀n níwájú èrò.

Mo ti ka ìtàn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní BMI. Wọ́n ń fi gíga ènìyàn ní mítà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á sì fi ohun tí wọ́n bá rí pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò. Bí ó bá tó 25, ó ti wúwo jù, bí ó bá tó 30, ìsanrajù ni. Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Quetelet, ni ó gbé ìṣirò náà kalẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840. Kì í ṣe oníṣègùn. Onímọ̀ ìṣirò ni, ohun tó sì ń wá ni bí ènìyàn ṣe rí bí a bá kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ jọ. Èyí yé mi dáadáa, nítorí iṣẹ́ mi ni. Mo lè fi ìwọ̀n kan náà rán aṣọ ọgọ́rùn-ún fún ọjà, yóò sì bá ọ̀pọ̀ mu, ṣùgbọ́n bí ènìyàn kan bá dúró níwájú mi, mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹni méjì tí ìdí wọn jẹ́ 54 kì í wọ aṣọ ara wọn. Nọ́ńbà lè sọ fún dókítà pé kí ó wo nǹkan kan. Kò lè bá a wo aláìsàn.

N kò sọ pé ìsanrajù kò léwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ènìyàn kan nínú mẹ́jọ lágbàáyé ló ní in, ó sì wà lára ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ àti ọ̀kánjúwà tí a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ kọ́ ni gbogbo ohun tó ń fà á. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Ó wà nínú àìsùn tó. Ó wà nínú oògùn, irú bí sítẹ́rọ́ọ̀dù àti àwọn kan lára oògùn àìsàn ọpọlọ. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pa ohùn pọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èrò pé ìfẹ́ inú ènìyàn nìkan ló ń darí ìwúwo rẹ̀ lòdì sí ohun tí ìwádìí fi hàn, àti pé ẹ̀sín náà fúnra rẹ̀ ń ba ìlera jẹ́. Mo ti rí ẹ̀rí èyí nínú ilé wa kí n tó kà á.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Detroit ní Amẹ́ríkà sọ fún mi lórí fóònù lálẹ́ yìí pé láti ọdún 1976 ni òfin ìpínlẹ̀ Michigan ti ka á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi ìwúwo tàbí gíga du ènìyàn ní iṣẹ́. Ìlú New York náà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2023. Mo lọ wo ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Ẹ̀ka 42, tó ka yíya ènìyàn sọ́tọ̀ léèwọ̀, dárúkọ ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú. Kò dárúkọ bí ara ènìyàn ṣe rí. Yóò wù mí kí ó wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò lè rán ẹnu awakọ̀ Micra pọ̀, kò sì lè rán tèmi náà.

Mo ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé láti ọjọ́ Ajé, èmi ni n ó máa kọ ìwọ̀n sílẹ̀, àti pé ẹyọ ènìyàn kan ni yóò máa wà lẹ́yìn kọ́tìnì nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n. Kò béèrè ìdí. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọmọbìnrin yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí mi nítorí ohun tí mo ṣe láàárọ̀, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ tún ikùn rẹ̀ wọ̀n, nítorí pé kò mí nígbà tí mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mo sì fẹ́ rán aṣọ tí yóò lè fi jó. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé fóònù ti gé.

“Aǹtí,” ó ní, “ṣé ẹlòmíràn á wà níbẹ̀?”

Mo ní rárá, pé èmi nìkan ni.

Ó ní òun yóò wá ní aago méje àárọ̀, kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.