Ọyẹ́ Ń Gé Òwú: Ìrìnàjò Mi sí Ìdí Òfì ní Ìsẹ́yìn

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni mo gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, nígbà tí ọyẹ́ mú gidigidi, tí eruku bo gbogbo ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó pẹ́ tí mo ti ń wọ aṣọ òfì lọ sí òde, ṣùgbọ́n èmi kò fojú ara mi rí ẹni tó ń fọwọ́ ran òwú rí, ohun tí mo sì torí rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ẹbí ọ̀rẹ́ mi ló gbà mí lálejò. Òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lóko kún apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn, nítorí pé ìgbà òjò là ń gbin òwú, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń là. Wọ́n fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i lórí òkúta pẹlẹbẹ títí kóró inú rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n títí ó fi fúyẹ́, wọ́n wá fi eérú pa ìka, wọ́n sì ta ìrànwú kó máa yí nínú igbá. Mo tẹjú mọ́ àtàǹpàkò wọn: ibi tí òwú bá ti fẹ́ já gan-an ni wọ́n ti ń dẹ ọwọ́, tí okùn náà á tún máa gùn lọ. Nígbà tí wọ́n fún mi kí n dán an wò, tèmi já; wọ́n fi itọ́ díẹ̀ lọ́ ọ pọ̀, ojú rẹ̀ kò sì hàn mọ́. Wọ́n ní, “Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ran án mọ́ nínú àwọn ọmọ mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Láti ibẹ̀ mo lọ sọ́dọ̀ bàbá ahunṣọ kan. Òwú tí wọ́n ta síwájú òfì gùn rẹrẹ lórí ilẹ̀, òkúta sì dì í mú lórí pákó kan tó ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn sí i. Bàbá ṣàlàyé pé ọyẹ́ a máa gé òwú, pàápàá èyí tí a fọwọ́ ran, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń mú kó gan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀kọ lé e kó lè nípọn. Nígbà òjò, òwú a rọ̀, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, kíákíá ni wọn á ká gbogbo ohun tí wọ́n ta síta.

Àwọ̀ aṣọ náà kò ṣàì mọ ìgbà. Ẹtù, ìyẹn òfì aláró dúdú, ń fẹ́ oòrùn tí yóò gbẹ ewé èlú, tí yóò sì gbẹ òwú lẹ́yìn tó bá jáde nínú aró. Mo kí àwọn aláró ní “Àrẹ̀dú o!”, mo sì dúró wo òwú kan tí wọ́n fà jáde: ó rí bí ewé tútù, kò sì pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi sọ ọ́ di aró lójú mi. Wọ́n á tún un rì lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dúdú bí ojú sánmà tó fẹ́ rọ̀jò. Sányán ní tirẹ̀, tí a ń ran láti inú ilé tí kòkòrò ń hun sára igi, kì í fẹ́ aró rárá. Àwọ̀ koríko ẹ̀ẹ̀rùn ló gbé wá láti inú igbó. Lójú tèmi, kò sí òwú onídídán tí wọ́n ń kó wọ̀lú lónìí tó lè bá a dọ́gba.

Mo bẹ bàbá kí wọ́n fi òwú ìyá àgbà hun ìborùn kan fún mi. Wọ́n fi ìka méjì fa òwú náà wò, wọ́n ní àwọn kò ní ta á nínú ọyẹ́ yìí, kí n ní sùúrù di ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ ilẹ̀. Mo san àsansílẹ̀, mo sì kó ìdì òwú náà tì wọ́n.