Ṣàbí wo?

Sábẹ, ilẹ̀ Benin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, 2025

Àfi bí ẹni pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é: àyájọ́ ọjọ́ tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí ní 1918 bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́dún yìí. Wọ́n ń fi Paris hàn lórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀: òdòdó, fèrè, àwọn àgbàlagbà tí mẹ́dáì kún àyà wọn. Mo wò ó díẹ̀, mo pa á, mo gba ilé Ìyá lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Ìyá. Orí àpáta ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn, wọ́n ń yí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá síbẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àjàní, ṣé kò sí o?"

Mo ní àpótí Bàbá àgbà ni mo fẹ́ rí. Wọn ò bi mí nídìí. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n wọlé.

A kàn ń pè é ní àpótí ni o. Agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà ni, akísà ni wọ́n fi dì í. Mẹ́dáì kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé sójà kékeré tí aáyán ti jẹ létí. Ojú ewé àkọ́kọ́: «Chabi», ìyẹn Ṣàbí bí Faransé ṣe ń kọ ọ́. «Né vers 1920», a bí i ní nǹkan bí 1920. Kò sí orúkọ bàbá rẹ̀, kò sí ti agboolé. Nọ́ńbà ló tẹ̀ lé e.

Ará Sábẹ á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Wórù ni àkọ́bí ọkùnrin, Ṣàbí ni ìkejì. Ẹ dúró láàárín ọjà kí ẹ ké "Ṣàbí o!", kí ẹ wá wo iye orí tó máa yí padà. Akọ̀wé béèrè orúkọ, ọmọkùnrin náà sọ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, ó tán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá kọ «Tirailleurs sénégalais» sí, ìyẹn àwọn sójà oníbọn ará Senegal. Ọmọ Sábẹ tí kò mọ Senegal ju ọjọ́ mélòó kan tó fi dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Dakar! Senegal ni Faransé ti dá ẹgbẹ́ ogun náà sílẹ̀ ní 1857, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fún gbogbo ọmọ tí wọ́n kó, ibi yòówù kí wọ́n ti kó wọn wá.

Rélùwéè ló gbé Bàbá àgbà dé Kútọnu. Ó wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ sí gúúsù Faransé nínú ogun àgbáyé kejì, ní oṣù Kẹjọ 1944, tí wọ́n gba ìlú Toulon. Ṣùgbọ́n kì í ròyìn ogun fún wa. Kóòtù sójà tó wọ̀ ló máa ń ròyìn. Nígbà tí òtútù ọdún yẹn ń bọ̀, wọ́n ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò lójú ogun, kí wọ́n bọ́ aṣọ fún àwọn ọ̀dọ́ Faransé tó fẹ́ rọ́pò wọn. Àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún lé ní 15,000. Bàbá á dìde dúró, á máa tú bọ́tìnnì tí kò sí láyà rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, á bọ́ apá kan, á bọ́ èkejì, á ká kóòtù náà, á nà án sí mi. "Mo ká a dáadáa," ni yóò wí, "kó má baà rún." Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ó máa ń sọ pé orí yọ òun. Àwọn sójà dúdú tó ti wà nígbèkùn Jámánì, tí wọ́n béèrè owó wọn ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, ìbọn ni Faransé fi dá wọn lóhùn ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1944. Ó di 2024 kí ààrẹ Faransé tó pè é ní ìpakúpa.

Ti owó ìfẹ̀yìntì, kí n má fa á gùn. Òfin 1959 so ti àwọn sójà ilẹ̀ wa mọ́lẹ̀, ti àwọn ará Faransé sì ń gòkè. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n dọ́gba ní 2007, Bàbá ti kú. Ìyàwó rẹ̀ mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ tó wà lórí ìwé ikú kò bá «Chabi» mu. "Ṣàbí wo?" ni wọ́n ń bi í lójú fèrèsé. Kò rí nǹkan kan gbà títí òun náà fi lọ.

Ìyá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dì í mú lódì, nítorí wọn ò mọ̀wé.

"Ọmọ ilé kejì tó wà ní àríwá, ṣé wọ́n kọ orúkọ tiẹ̀ pé?"

Mo mọ ohun tó gbé e wá. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí wọ́n pa sójà wa 54 lọ́jọ́ kan, lẹ́bàá W, igbó ẹranko ńlá tó wà ní àríwá, ọjọ́ méjì ni ìyá ọmọ náà fi jókòó ti fóònù kí ó tó dún. Mo ní wọ́n ti ń gba àmì ìka báyìí.

"Ìka ni mo bi ọ́ ni?"

Wọ́n ní kí n mú bírò. Wọ́n pe orúkọ àbísọ Bàbá, orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, wọ́n wá bọ́ sínú oríkì, ọwọ́ mi ò sì lè bá ẹnu wọn mọ́. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, ti ilé wa ni. Ìyá ti bébà náà sábẹ́ mẹ́dáì, wọ́n sì ń wá akísà tí wọ́n fi ń dì í nígbà tí a gbọ́ ìró pátápátá lórí àpáta. Ewúrẹ́ ti wọ inú ẹ̀gẹ́.